Abẹ́rẹ́ àjẹsára àgbàlagbà: àwa ọkùnrin Èkìtì, ìgbà wo la gbà á kẹ́yìn?

Tíṣà Ọ̀yẹ́ kọ:
Ẹ̀yin Èkìtì kete, mo kí yín o. Bíríkìlà kan tó ń bá wọn kọ́lé ládùúgbò wa tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tá a gbé e dé ilé ìlera, nọ́ọ̀sì bi í pé, "Ìgbà wo lẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn?" Ó wo ojú ìyàwó ẹ̀. Ìyàwó ní tòun wà nínú káàdì aboyún, òun lè sáré lọ mú un wá. Ti ọkọ ni ẹnikẹ́ni ò mọ̀, òun alára ò mọ̀.

Mo gbé ìbéèrè yẹn dé ọ́fíìsì àwa olùkọ́. Nínú àwa ọkùnrin, kò sí ẹni tó lè dáhùn, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ ìgbà tí àwọn ọmọ wa gba ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ti oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ ìlera, ẹ jọ̀ọ́, àjẹsára wo ló yẹ kí àgbàlagbà gbà? Èwo là ń gbà lẹ́ẹ̀kan láyé, èwo là ń tún gbà? Ìdáhùn tí bàbá mi tó wà lóko náà lè lò ni mo fẹ́.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́rẹ́ kọ:
Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí nínú gbogbo àrùn tí abẹ́rẹ́ lè dènà, tẹ́tánọ́ọ̀sì ló ń dùn mí jù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé irin tó dógùn-ún ló ń fà á. Kì í ṣe irin. Inú ilẹ̀ ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, àti nínú ìgbẹ́ ẹran. Àdá, ọkọ́, ẹ̀gún, ìṣó, ohunkóhun tó bá gún yàn-án wọnú ẹran ara lè gbé e wọlé. Láàárín ọjọ́ 3 sí 21, àgbọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í le, ẹnu ò ní ṣeé là dáadáa mọ́, oúnjẹ ò ní ṣeé gbé mì. Tó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yìn á tẹ̀ débi pé orí àti gìgísẹ̀ nìkan ló máa kan bẹ́ẹ̀dì. Ìmọ́lẹ̀ lójijì tàbí ariwo kékeré lè mú kí gbogbo iṣan ara fà le pa pọ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń tọ́jú wọn nínú yàrá tó ṣókùnkùn, tó sì dákẹ́. Mo ti dúró ti irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí. Síbí kan kò gbọdọ̀ kan abọ́. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tá à ń sọ, kò kàn lè lanu ni.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Obìnrin tó bá ti lóyún, a máa fún un. Ọ̀kan lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wá, ìkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìkẹta lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìkẹrin lẹ́yìn ọdún kan, ìkarùn-ún lẹ́yìn ọdún kan sí i tàbí nígbà oyún mìíràn. Tó bá pé márùn-ún, ó bo gbogbo ọdún tó lè fi bímọ. Ọkùnrin kì í lóyún, torí náà kò sẹ́ni tó pè é. Èyí tó gbà ní kékeré, bó bá gbà á rárá, agbára rẹ̀ ti dín kù tipẹ́. Ọkùnrin yìí kan náà ló wá ń ṣán oko, tó ń kọ́lé, tó ń gun ọ̀kadà.

Ẹni tí kò bá mọ̀ bóyá òun ti gbà á rí, kó ṣe bí ẹni tí kò gbà á rí: ọ̀kan lónìí, ìkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìkẹta láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Lẹ́yìn náà, ẹyọ kan ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Tí ọgbẹ́ tó dọ̀tí bá ṣẹlẹ̀, tí èyí tẹ́ ẹ gbà kẹ́yìn sì ti lé lọ́dún márùn-ún, wọ́n á fún yín ní ọ̀kan sí i.

Ẹni tí tẹ́tánọ́ọ̀sì ṣe tó sì yè é náà gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́. Àrùn yẹn kì í fi ààbò kankan sílẹ̀ lára, ó tún lè padà wá bá onítọ̀hún.

Bàbá Kòkó kọ:
Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Oko kòkó ni mò ń ṣe lápá Ìṣẹ̀. Àdá gé mi lọ́wọ́ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ dán mi wò díẹ̀ lábẹ́ awọ, wọ́n ní ká dúró ká wò ó, lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní èyí tí wọ́n ń pè ní ATS. Ṣé ìyẹn ò ti tó ni?

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́rẹ́ kọ:
Kò tó, Bàbá. Inú mi dùn pé ẹ bèèrè, torí ibí yìí gan-an ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. ATS kì í ṣe àjẹsára. Ọlọ́dẹ tí a háyà ni: inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ti mú agbára ìjà náà jáde, kò sì ní lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kó tó lọ. Nítorí pé ara ẹṣin ló ti wá ni wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ dán an wò lábẹ́ awọ, kó má baà bínú sí ara. Àjẹsára ló ń kọ́ ara ẹni fúnra rẹ̀ níjà. Ẹni tó bá fara gbọgbẹ́ lè nílò méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, apá ọ̀tún àti apá òsì. Ẹ tún wo ìwé tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ ATS nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ tuntun, ẹ má sì dúró de ọgbẹ́ mìíràn.

Òtítọ́ Korò kọ:
Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Bàbá tó bí bàbá mi kò gba abẹ́rẹ́ kankan, ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kó tó kú. Àgbo ló ń mu. Nígbà kòrónà, wọ́n kó abẹ́rẹ́ dé ní 2021, ọ̀rọ̀ tó gba ìlú kan pọ̀: àwọn kan ní ó ń pa èèyàn, àwọn kan ní kò ní jẹ́ ká bímọ mọ́. Ẹ̀yin elétò ìlera ò jókòó tì wá kẹ́ ẹ ṣàlàyé. Ẹ kàn ní ká na apá ni. Ọkàn èèyàn á rọ̀ báwo?

Ìyá Ìbejì Adó kọ:
Ẹ̀gbọ́n, ti àìbímọ yẹn ni mo lè dáhùn. Mo gba tẹ́tánọ́ọ̀sì nígbà oyún àkọ́bí mi, mo gbà á nígbà kejì, ìbejì ni mo sì bí. Ẹ wo gbogbo àwọn ìyá tó wà l'Ọ́jà Ọba. Ta ni nínú wọn tí kò gbà á lórí oyún? Tó bá ń dí ilé ọmọ, ǹjẹ́ a máa rí ọmọ tá a máa pọ̀n?

Àgbà Ìjerò kọ:
Òtítọ́ Korò, ọmọ mi, mo gbọ́ ẹ. Ìbéèrè rẹ kì í ṣe ti aláìgbọ́n. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà rẹ tó lé ní àádọ́rùn-ún, bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ ìtàn ilé yín: ọmọ mélòó ni ìyá rẹ̀ bí, mélòó nínú wọn ló dàgbà? Àwọn tó yè là ń rí kà. Àwọn tó kú ní kékeré kò sí níbí láti sọ tiwọn.

Èmi mọ ìgbà tí olóde ń jà. Wọn kì í pè é lórúkọ nílé wa. Mo mọ àwọn tí ojú wọn kún fún àpá, mo sì mọ èyí tí ojú rẹ̀ fọ́. Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n to gbogbo wa sórí ìlà, wọ́n bupá fún wa, àpá rẹ̀ ṣì wà ní apá òsì mi di òní. Ní 1980 ni wọ́n kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ káàkiri ayé. Ìwọ ò rí i rí, ọmọ rẹ ò sì ní rí i. Abẹ́rẹ́ yẹn ló lé e lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ máa ń ká ọwọ́ aṣọ sókè, tẹ́ ẹ ń fi àpá yẹn hàn pé ẹ ti gba àjẹsára, ti ṣànpọ̀nná nìkan nìyẹn o. Kò kan tẹ́tánọ́ọ̀sì, kò kan mẹ́dọ̀wú.

Nọ́ọ̀sì, èmi ní ìtọ̀ ṣúgà. Ǹjẹ́ ẹ̀yà kan wà fún irú wa?

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́rẹ́ kọ:
Ó wà, Bàbá. Ẹni tó bá ti dàgbà, tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àrùn ọkàn tàbí ikọ́ fée, abẹ́rẹ́ tó ń dènà òtútù àyà wúlò fún un gan-an. Ti ọ̀fìnkìn líle náà wà, ọdọọdún ni wọ́n ń gba ìyẹn. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS náà nílò ti òtútù àyà. Kò sí nínú èyí tí ìjọba ń fún àgbàlagbà lọ́fẹ̀ẹ́, torí náà dókítà tó ń tọ́jú ṣúgà yín ni kẹ́ ẹ bi.

Òtítọ́ Korò, ẹ̀dùn ọkàn yín tọ́. A gbọ́dọ̀ máa ṣàlàyé. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, apá lè dunni, ibà díẹ̀ lè mú èèyàn fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Kí ara kọ abẹ́rẹ́ lọ́nà tó le máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tá a fi ń ní kí èèyàn jókòó fún ìṣẹ́jú 15 sí 30 kó tó lọ, torí oògùn tó ń dá a dúró wà lọ́wọ́ wa. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè orúkọ abẹ́rẹ́, ohun tó wà fún, àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ tó wà lára igo. Nọ́ọ̀sì tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ṣadé Lábù kọ:
Ẹ kú ìjókòó o. Lábù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí l'Ádó, ọ̀rọ̀ mẹ́dọ̀wú tí Bàbá mẹ́nu bà ló mú mi wá. Ọdún 2004 ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú oríṣi B (hepatitis B) kún èyí tí ọmọ tuntun ń gbà ní Nàìjíríà. Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn, àfi tó bá lọ gbà á fúnra rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwa tá à ń kọ̀wé níbí nìyẹn. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní 2018, nǹkan bí èèyàn 8 nínú 100 àgbàlagbà ló ní kòkòrò náà lẹ́jẹ̀, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀, torí kì í dunni. Ó lè wà nínú ẹ̀dọ̀ fún ogún ọdún láìfọhùn, nígbà tó bá máa fọhùn, ẹ̀dọ̀ ti le tàbí ó ti di jẹjẹrẹ.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó gba abẹ́rẹ́. A máa fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, a ó kán an sí ojú ìwé àyẹ̀wò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò fẹ̀ ju ìka lọ, a ó dúró fún bí ìṣẹ́jú 15. Tí ìlà pupa kan bá yọ, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ lè lọ gba abẹ́rẹ́. Tí méjì bá yọ, ó wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ò sì lè mú un kúrò mọ́. Mo ti rí ẹni tó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé láìṣe àyẹ̀wò, tó fọkàn balẹ̀, tó sì jẹ́ pé kòkòrò náà ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni: òní, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ti àkọ́kọ́. Ìkẹta ni èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà.

Báábà Àjìlósùn kọ:
Àǹtí Ṣadé, àwa tá à ń gẹrun ńkọ́? Kílípà máa ń gé èèyàn nígbà míì, pàápàá lẹ́yìn ọrùn. Spirit ni mò ń lò, ṣé ó tó?

Ṣadé Lábù kọ:
Àbúrò, o ṣeun tó o bèèrè, àwọn oníbàárà rẹ ló ò ń dáàbò bò. Kòkòrò yẹn lè wà láàyè lára ohun èlò fún ọjọ́ méje, kódà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti gbẹ tí ojú ò rí i mọ́. Kọ́kọ́ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì gbá irun àti ẹ̀jẹ̀ kúrò lára eyín kílípà kó o tó fi oògùn apakòkòrò sí i, jẹ́ kó pẹ́ lára rẹ̀, má kàn fọ́n ọn kó o nù ún lójú ẹsẹ̀. Bíléèdì tuntun fún orí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lágbára, kó ra kílípà tirẹ̀ wá. Ìwọ fúnra rẹ sì lọ ṣe àyẹ̀wò, kó o gba abẹ́rẹ́.

Ohun kan náà kan gbẹ́rẹ́. Bíléèdì kan fún gbogbo agboolé kò dára, ẹ ra tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Fúnmi Ọ̀tùn kọ:
Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní in. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ nílé ni wọ́n ti ya abọ́ àti ife rẹ̀ sọ́tọ̀, ó ń dá jẹun nínú yàrá. Ó ń dùn mí. Ṣé bó ṣe yẹ nìyẹn?

Ṣadé Lábù kọ:
Kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá, àbúrò mi. Ẹ pè é padà síbi oúnjẹ lónìí. Kì í ran nípa iyán tá a jọ jẹ, kì í ran nípa ìbọwọ́ tàbí ìdìmọ́ra. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, àti láti ara ìyá sí ọmọ nígbà ìbí ló ń gbà. Ohun tẹ́ ẹ máa yà sọ́tọ̀ ni bíléèdì, bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ohun tí wọ́n fi ń gé èékánná. Kí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹni tí kò bá ní in gba abẹ́rẹ́.

Òun ní tirẹ̀, kó máa lọ rí dókítà ẹ̀dọ̀ déédéé. Oògùn wà tó ń tẹ kòkòrò náà rì kó má lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kò tíì sí èyí tó ń fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá, nítorí náà ẹni tó bá ń polówó lórí rédíò pé àgbo òun ń wẹ̀ ẹ́ nù lọ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má kó owó yín fún un. Àgbo míì tiẹ̀ tún máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ sí i.

Ọmọ Ọdẹ Ẹ̀fọ̀n kọ:
Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Ajá bu ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ lẹ́sẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ajá aládùúgbò ni. Wọ́n ti jó irun ajá náà, wọ́n fi epo pò ó, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́. Àwọn kan ní kí wọ́n pa ajá náà. Kí ni ká ṣe?

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́rẹ́ kọ:
Ẹ fọ epo àti irun yẹn kúrò báyìí. Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ, fún odindi ìṣẹ́jú 15, ẹ fi aago wò ó. Ọmọ á sunkún, ẹ máa rọ̀ ọ́, ẹ má dá a dúró. Ẹ má fi nǹkan di ojú ọgbẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rán an. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi ti Yunifásítì ìpínlẹ̀ l'Ádó tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Ẹ fóònù kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá abẹ́rẹ́ dìgbòlugi wà nílẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá débẹ̀ ni ti àkọ́kọ́, wọ́n á tún fún un lọ́jọ́ 3, ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 14, ibòmíràn á fi ti ọjọ́ 28 kún un. Tí ọgbẹ́ bá jìn, wọ́n lè fi oògùn míì sí ojú ọgbẹ́ náà. Wọ́n á wo ti tẹ́tánọ́ọ̀sì náà.

Ẹ má pa ajá náà, ẹ má sì tà á fún ẹlẹ́ran. Ẹ so ó mọ́lẹ̀, ẹ máa fún un lóúnjẹ, ẹ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ má torí pé ara ajá dá kẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ falẹ̀. Dìgbòlugi kì í ṣe àrùn tá a máa ń dúró wò. Bó bá ti hàn lára èèyàn, tí ẹni náà ń sá fún omi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é.

Ọmọ Ọdẹ Ẹ̀fọ̀n kọ:
A ti fọ̀ ọ́. A ti gbọ́kọ̀, a ń lọ.

Alhaja Ìkọ̀lé kọ:
Ọlọ́run á dáàbò bo ọmọ náà. Èmi ní ìbéèrè kékeré. Káàdì ibà pọ́njú mi, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ sí i, ó sì ti kọjá. Mo fẹ́ lọ sí Gánà, lẹ́yìn náà Mẹ́kà. Ṣé mo máa tún un gbà?

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́rẹ́ kọ:
Rárá, Alhaja. Láti July 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ayé ẹni, káàdì àtijọ́ náà sì wà lábẹ́ òfin yẹn. Ẹ ṣáà lọ bi ọ́fíìsì Port Health, àwọn tó ń rí sí ìlera arìnrìn-àjò, bóyá wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ sí káàdì tuntun fún yín. Ẹni tó bá ti lé ní 60 tí kò gbà á rí, kó rí dókítà ná, torí abẹ́rẹ́ tí kòkòrò rẹ̀ ṣì wà láàyè ni. Fún Mẹ́kà, ti yírùnyírùn ni wọ́n máa bèèrè, ó sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára yín kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ọ̀dọ́ tí wọ́n bá gbé lọ sìnlú lókè Ọya, ẹ̀yin náà ẹ wo ti yírùnyírùn yẹn kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

Ìyá Ìbejì Adó kọ:
Àwọn ọmọbìnrin wa ńkọ́, èyí tó wà fún jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ?

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́rẹ́ kọ:
HPV nìyẹn. Ó wọ ètò Nàìjíríà ní October 2023, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Ẹ mú wọn wá. Fún ẹ̀yin ìyá, àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ ló ṣe pàtàkì jù.

Ọmọ Ọdẹ Ẹ̀fọ̀n kọ:
A dúpẹ́ o. Wọ́n ti fún un ní ti àkọ́kọ́, wọ́n sì kọ àwọn ọjọ́ tó kù sílẹ̀ fún wa. Wọ́n bi èmi náà nípa tẹ́tánọ́ọ̀sì, wọ́n sì fún mi ní tèmi níbẹ̀.

Òtítọ́ Korò kọ:
Ẹ kú ewu ọmọ o. Nọ́ọ̀sì, mo ti ka gbogbo rẹ̀. Kẹ́míìsì kan ní òpópónà wa ń ta ti mẹ́dọ̀wú. Ṣé mo lè gbà á níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́rẹ́ kọ:
Ẹ kọ́kọ́ wo fíríìjì wọn. Láàárín òtútù dígírì 2 sí 8 ló gbọ́dọ̀ wà láti ilé iṣẹ́ títí dé apá yín. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí ń bà á jẹ́, bó bá sì dì bíi yìnyín, ó ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń lò bí iná bá lọ. Tí wọn ò bá lè dáhùn, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà.

Tíṣà Ọ̀yẹ́ kọ:
Mo lọ sí ilé ìlera tó wà nítòsí wa lọ́sàn-án òní fún ti tẹ́tánọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ míì, pé èmi nìkan kọ́ ni wọ́n máa torí ẹ̀ ṣí igo.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́rẹ́ kọ:
Igo kan sábà máa ń jẹ́ ti èèyàn 10, àwọn ilé ìlera míì kì í sì fẹ́ ṣí i kó ṣòfò. Ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni ti àwọn aboyún, kẹ́ ẹ lọ lọ́jọ́ náà, igo á ti ṣí. Tàbí kí ẹ̀yin olùkọ́ kó ara yín jọ lọ, kẹ́ ẹ fóònù wọn ṣáájú. Ẹ gba káàdì, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, torí omi máa ń ba bébà jẹ́.

Bàbá Kòkó kọ:
Àwa àgbẹ̀ náà ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ ní òpin oṣù. A pọ̀ ju mẹ́wàá lọ dáadáa. Ǹjẹ́ wọ́n lè gbé e wá bá wa níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́rẹ́ kọ:
Ó ṣeé ṣe, Bàbá. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ìlera alábọ́ọ́dé ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí alága ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i. Ẹ kọ iye èèyàn, ọjọ́ àti ibi ìpàdé sí i, kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí wọ́n lè ṣètò àpótí yìnyín. Kẹ́ ẹ tún bi wọ́n níbẹ̀ ìgbà tí wọ́n máa padà wá fún ìkejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Bàbá Kòkó kọ:
Mo ti ránṣẹ́ sí akọ̀wé wa. Ọmọ mi ló máa bá wa tẹ lẹ́tà náà lọ́la.